EEGUN TÍ Ó ṢẸ́ LÁÌṢUBÚ: Ẹ BI Í LÉÈRÈ KÍ Ẹ TÓ DÌ Í

Ìlera ni oògùn ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ eegun ni. Ó kan ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ná ọjà ní Mile 12 láti ìdájí. Ó kan ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ń dúró níwájú pátákó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó ti lé ní 40 ọdún, tí ẹ̀yìn tàbí ìhà ń dùn láti oṣù dé oṣù, tí ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Làkúrègbé lásán ni, yóò lọ."

Bí a bá dárúkọ Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ti apá Apapa ni à ń wí. Ajégúnlẹ̀ ti Kosofe ni ti wa lónìí, èyí tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ní ìtòsí Owódé àti Mile 12. Iṣẹ́ agbára ni iṣẹ́ àdúgbò náà. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá ti Òkè Ọya dé pẹ̀lú tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu, orí àti ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn bá dun ènìyàn níbẹ̀, kò sí ẹni tí í bi í pé kí ló dé. Wọn á ní ẹrù ni, tàbí ọjọ́ orí, tàbí òtútù. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí púpọ̀ nínú ẹ̀yìn dídùn kò ju iṣẹ́ àṣekára àti àgbà tí ń dé lọ.

Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó ń fi ara pamọ́ sábẹ́ irú ìrònú yìí. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni multiple myeloma. Àwa yóò máa pè é ní jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn eegun. Kò wọ́pọ̀. Nínú 100 ènìyàn tí jẹjẹrẹ mú ní gbogbo ayé, bí ẹni 1 péré ni tirẹ̀ jẹ́ irú èyí. Síbẹ̀, ní ọdún 2020 nìkan, àwọn tí a rí i lára wọn ní àgbáyé lé ní 176,000. Wọn kì í ṣe ènìyàn kékeré ní iye.

KÍ NI ÀÌSÀN NÁÀ?

Mùdùnmúdùn tí ó wà nínú eegun wa ni ilé tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde wá. Níbẹ̀ náà ni irú àwọn ọmọ-ogun kan ń gbé, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rọ ohun ìjà tí ara fi ń bá àrùn jà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí bá ya ọlọ̀tẹ̀, tí ó ń bí sí i, tí ó ń rẹ̀ sí i, tí ó ń lé àwọn yòókù kúrò ní ilé, tí ó sì ń rọ ohun ìjà tí kò wúlò, àìsàn tí à ń wí nìyẹn. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àìsàn náà kì í ràn. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyàwó ilé tàbí ti ẹlẹ́gbẹ́ ọjà ẹni.

Kí ó tó yé wa bí ó ṣe ń ba eegun jẹ́, ó yẹ kí a mọ̀ pé eegun kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú eegun àtijọ́, tí ó sì ń mọ tuntun dípò rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: ẹgbẹ́ kan jẹ́ awólé, èkejì jẹ́ bíríkìlà. Bí ara bá le, iye tí awólé wó ni bíríkìlà ń mọ padà. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ yìí bá dé, yóò máa ti awólé níṣẹ́ tọ̀sán tòru, yóò sì gba ohun èlò lọ́wọ́ bíríkìlà. Ihò á wá máa lu níhìn-ín lọ́hùn-ún nínú eegun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀wà mọ bí èyí ti rí. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti wọ̀ lè dán lóde, kí ó sì tóbi. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò fọ́, nítorí inú rẹ̀ ti ṣófo. Bí eegun aláìsàn yìí ti ń rí gan-an nìyẹn. Nínú 10 ènìyàn tí a bá rí àìsàn náà lára wọn, ẹni 8 ni eegun rẹ̀ ti lu ihò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

OBÌNRIN KAN ÀTI ONÍṢÒWÒ KAN NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1844, ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin ẹni ọdún 39 kan tí ń jẹ́ Sarah Newbury kú. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn àti ara ti ń ro ó. Ní ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ gbé e láti tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ni eegun itan rẹ̀ méjèèjì bá ṣẹ́. Kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò lù ú, ọwọ́ ìfẹ́ ni ó gbé e. Dókítà Samuel Solly ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, oníṣòwò kan ní ìlú náà, Thomas Alexander McBean, tí ń ta oúnjẹ àti nǹkan ilé, lọ gba ìsinmi. Bí ó ti fò jáde láti inú ihò ilẹ̀ kan tí wọ́n lọ wò, ó gbọ́ bí ẹni pé nǹkan já nínú àyà rẹ̀. Ìrora náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mira. Wọ́n di àyà rẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìṣègùn ayé ìgbà náà. Ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ díẹ̀, ìrora tún padà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ fún ọdún kan ó lé. Nígbà tí ó ṣe, dókítà kan kíyè sí i pé ìtọ̀ rẹ̀ kò rí bí ìtọ̀ ènìyàn. Bí wọ́n bá gbé e kaná, á dì. Bí ooru bá pọ̀ sí i, á tún yọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1845, wọ́n fi ìtọ̀ náà ránṣẹ́ sí Dókítà Henry Bence Jones, ẹni tí ó rí i pé purotéènì kan tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Títí di òní olónìí, orúkọ dókítà yẹn ni a fi ń pe purotéènì náà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún oníṣòwò wa. Ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1846. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, eegun ìhà rẹ̀ ti rọ̀ débi pé ọ̀bẹ ń gé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn yìí kọ́gbọ́n. Àyà ni ó ń dùn ún, àyà ni wọ́n sì dì. Inú ìtọ̀ ni ìdáhùn wà. Bí ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀, ojú ibi tí ó ń dunni nìkan kò lè sọ òótọ́ fúnni.

OHUN TÍ Ó Ń FI OJÚ EEGUN RÍ

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni eegun ṣíṣẹ́ láìṣubú. Ènìyàn lè wúkọ́, kí eegun ìhà ṣẹ́. Ó lè fa garawa omi sókè, kí eegun apá ṣẹ́. Ó lè yí padà lórí ibùsùn, kí eegun ìbàdí ṣẹ́.

Èkejì ni pé eegun ọ̀pá-ẹ̀yìn á máa wó lura wọn bí ilé alámọ̀ tí òjò pa. Ènìyàn á máa kúrú, ẹ̀yìn á máa tẹ̀. Àwọn ará ilé á ní, "Ìyá ti ń darúgbó." Ọjọ́ orí ń ṣe èyí náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Okùn kan wà nínú ọ̀pá-ẹ̀yìn tí ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Bí eegun tí ó wó tàbí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ bá tẹ okùn yìí, ẹsẹ̀ á máa wúwo, á máa kú tipiri, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ lè máa jáde láìmọ̀, tàbí kí ó kọ̀ láti jáde rárá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé ẹni náà dé ọsibítù, ìbáà ṣe òru. Bí ẹ bá dá a di ọ̀la, ó lè má rìn mọ́ láyé rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èròjà tí ó ń mú eegun le, tí à ń pè ní kalisíọ́mù, á máa tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí awólé ti ń wó eegun. Bí ó bá pọ̀ jù níbẹ̀, òùngbẹ á máa gbẹ aláìsàn, á máa tọ̀ léraléra, kò ní lè yàgbẹ́, èébì á máa gbé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì máa dàrú. Àwọn kan á rò pé àtọ̀gbẹ ni, àwọn mìíràn á ní wọ́n fi nǹkan ṣe é ni.

Ẹ̀karùn-ún ni kíndìnrín. Purotéènì tí Bence Jones rí nínú ìtọ̀ oníṣòwò yẹn a máa dí ojú ọ̀nà inú kíndìnrín, bí ìdọ̀tí ti ń dí gọ́tà. Fún ìdí yìí, àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé àìsàn kíndìnrín ni ó kọ́kọ́ gbé wọn dé ọsibítù, kí a tó mọ̀ pé inú eegun ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

OÒGÙN ARA RÍRO ÀTI ÀWỌN TÍ Ń TO EEGUN

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ìwà wa lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta ata ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ra oògùn orísirísi tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri, ó gbé e mì. Ìrora lọ, ó padà sọ́jà. Lọ́la, ó tún rà á. Báyìí ni oṣù mẹ́ta kọjá. Nínú ọ̀rá kékeré yẹn, ibuprofen tàbí diclofenac ni ó sábà máa ń wà. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè mu wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ láìsí ewu púpọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ yìí, tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń dí, oògùn wọ̀nyí lè jẹ́ ohun tí yóò ti ilẹ̀kùn kíndìnrín pa pátápátá. Agbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣe bákan náà. Ìrora náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olè ṣì wà nínú ilé, ajá tí ń gbó ni a pa lẹ́nu mọ́.

Bí eegun bá wá ṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to eegun ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ. A kò wá láti bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ìran baba wa. Ẹni tí ó já bọ́ lórí ọ̀kadà, tí ó sì rí ìwòsàn lọ́dọ̀ wọn, pọ̀. Ṣùgbọ́n eegun tí jẹjẹrẹ ti lu ihò sí yàtọ̀. Bí a bá fà á, tí a fi ọwọ́ pa á, tí a tẹ̀ ẹ́, ó lè ṣẹ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ti ẹ̀yìn, ó lè sọ ènìyàn di arọ. Nítorí náà, kí ẹ tó di eegun kankan, ẹ bi ẹni tí ó ṣẹ́ léèrè pé, "Báwo ni ó ṣe ṣẹ́?" Bí ìdáhùn bá jẹ́, "N kò ṣubú, mo kàn wúkọ́ ni," tàbí "Mo kàn gbé omi ni," ẹ dá ọwọ́ dúró. Ọsibítù ni ọ̀rọ̀ kàn. Àtoeegun tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn, iyì rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i.

Ìdí kan náà nìyí tí àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ káàkiri Nàìjíríà fi ń kọminú pé àwọn aláìsàn yìí ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Nígbà tí púpọ̀ wọn bá dé, eegun ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ, kíndìnrín ti rẹ̀.

Ó KAN ÀWA ÈNÌYÀN DÚDÚ JÙ

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka gbogbo aláìsàn jẹjẹrẹ, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn ń mú àwọn ènìyàn dúdú ju ìlọ́po méjì bí ó ti ń mú àwọn funfun lọ. Ọ̀gágun Colin Powell, ọmọ àwọn òbí tí ó ti Jamaica wá, tí ó sì jẹ́ ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, ní àìsàn yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àrùn kòrónà pa á, ẹni ọdún 84, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ọmọ-ogun tí ó yẹ kí ó jà fún ara rẹ̀ ni àìsàn ti sọ di ọlọ̀tẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ibà tàbí ikọ́ kò fi yẹ kí ó pẹ́ lára ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ yìí kí ó tó rí dókítà.

ÌRÈTÍ WÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ó sì lọ dùbúlẹ̀ de ikú. Òótọ́ ni pé a kò tíì ní oògùn tí ń fa àìsàn náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ṣùgbọ́n a lè lé e sẹ́yìn fún ọdún púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ju ìdajì àwọn aláìsàn náà ni ó ń lò ju ọdún 5 lọ láyé lẹ́yìn tí a bá rí i lára wọn.

Ọ̀nà tí ọ̀kan nínú oògùn náà gbà dé yani lẹ́nu. Thalidomide ni orúkọ rẹ̀. Láàárín ọdún 1957 sí 1961, àwọn aboyún ní Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn lò ó fún àìróorunsùn àti èébì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sì wá sáyé pẹ̀lú apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò pé. Wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ. Ní ọdún 1999, àwọn dókítà ní Arkansas ní Amẹ́ríkà kéde pé oògùn tí a ti kọ̀ sílẹ̀ yìí ń ká jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn lọ́wọ́ kò. Títí di òní, aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá, obìnrin tí ó lè lóyún kò sì gbọdọ̀ lò ó láìsí ìkìlọ̀ dókítà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bortezomib dé ní ọdún 2003, àti lenalidomide. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní.

Fún eegun gan-an, oògùn kan wà tí ń jẹ́ zoledronic acid. Wọ́n ń fà á sí iṣan ẹni lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń so àwọn awólé lọ́wọ́, kí eegun má baà máa lu sí i. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ yẹ kíndìnrín wò, kí dókítà eyín sì yẹ ẹnu wò, nítorí bí a bá yọ eyín nígbà tí a ń gbà á, eegun àgbọ̀n lè kọ̀ láti san. Bí eegun itan bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́, àwọn dókítà eegun lè fi irin gbè é kí ó tó ṣẹ́. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ sì ń mú ìrora ojú kan rọlẹ̀ kíákíá.

Oògùn wọ̀nyí wọ́n, a kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n èyí tí a tètè bẹ̀rẹ̀ kò wọ́n tó èyí tí a ó fi kún owó fífọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín tí ó ti kú, àti owó kẹ̀kẹ́ arọ.

KÍ NI KÍ Ẹ ṢE?

Bí eegun ẹ̀yìn, ìhà tàbí ìbàdí bá ń dun ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, pàápàá tí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, tí ojú rẹ̀ funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, tí ó ń rù, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ, kí ó lọ sí ọsibítù ìjọba. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, Kétu àti Ìkòsì, ọsibítù Gbàgádà àti ti Ìkòròdú kò jìnnà sí yín. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìkẹjà, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ wà. Bí eegun bá ti ṣẹ́, Ìgbóbì wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú kan náà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́. Nítorí àwọn ọmọ-ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní ọdún 1943.

Ẹ má tijú láti bi dókítà pé, "Ṣé ẹ ti wo ẹ̀jẹ̀ mi, kalisíọ́mù mi, kíndìnrín mi, àti purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi?" Ẹ rántí pé bébà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìtọ̀ sábà máa ń fo purotéènì Bence Jones dá. Àyẹ̀wò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. X-ray náà lè má rí ihò eegun nígbà tí ó ṣì kéré. Bí nǹkan bá fura, wọn yóò fa díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn láti eegun ìbàdí, ibẹ̀ ni òótọ́ yóò ti hàn.

Ẹni tí a bá ti rí àìsàn náà lára rẹ̀, kí ó má gbé ẹrù mọ́, ṣùgbọ́n kí ó má dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, nítorí rírìn díẹ̀díẹ̀ ń ran eegun lọ́wọ́. Kí ó mu omi dáadáa, bí dókítà kò bá kọ̀ ọ́ fún un. Kí ó má mu oògùn ara ríro tí dókítà rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú òbí, ẹ má ṣe fa ìyá tàbí bàbá lápá dìde. Ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn àti itan wọn, kí ẹ gbé wọn jẹ́jẹ́, kí ẹni méjì ṣe é.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn nínú ilé yín, ẹ má kàn kí i pé "ẹ pẹ̀lẹ́" kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ bi í pé láti ìgbà wo ni. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ bá a wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní ọ̀la.